Ọ́dítọ̀ Tó Ń Buwọ́ Lu Gbogbo Ìwé Ìsanwó, Ta Ni Yóò Yẹ Iṣẹ́ Rẹ̀ Wò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé mi kúrò ní ẹ̀ka ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ wa, tí wọ́n sì fi mí ṣe olórí ẹ̀ka ayẹ̀wò owó inú ilé. Òṣìṣẹ́ méjì péré ni mo bá níbẹ̀. Alága ti pàṣẹ ohun méjì: kí n máa buwọ́ lu gbogbo ìwé àṣẹ ìsanwó kí owó tó jáde, kí n sì kọ ìwé àkọsílẹ̀ ewu, ìyẹn ìwé tí a ń to ohun tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ sí, fún gbogbo ẹ̀ka láàárín oṣù méjì. N kò sá fún iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ni méjèèjì? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn:

Ọkàn yín tí kò balẹ̀ yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Àṣẹ méjèèjì tí alága pa jọra ju bí wọ́n ṣe rí lójú lọ, nítorí pé àṣìṣe kan náà ló bí wọn: wọ́n fẹ́ kí ẹni tó yẹ kó máa yẹ iṣẹ́ wò di ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá buwọ́ lu ìwé ìsanwó lónìí, ẹ ti wà lára àwọn tó san owó náà. Bí ẹ bá sì fi ọwọ́ ara yín kọ ewu ẹ̀ka ìlera tàbí ti ẹ̀ka iṣẹ́ òde, àwọn olórí ẹ̀ka wọ̀nyẹn yóò ka ewu náà sí ti yín, wọn kò ní kà á sí tiwọn mọ́. Nítorí náà, ìdáhùn mi ní ṣókí ni pé ìwé ewu kì í ṣe ohun tí ọ́dítọ̀ ń dá kọ, àti pé bíbuwọ́ lu ìwé ìsanwó kò bá iṣẹ́ ọ́dítọ̀ mu, àyàfi bí òfin ibi tí ẹ wà bá sọ ọ́ di dandan. Bí òfin bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wà tí a ń gbà ṣe é tí kò fi ní ba iṣẹ́ yòókù jẹ́.

Ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà fún iṣẹ́ yìí ni Institute of Internal Auditors, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1941. Ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìlànà rẹ̀ kọ, èyí tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2025. Ní ọdún 2013 ni wọ́n ti gbé àlàyé kan jáde tó pín àwọn tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ sí ìlà mẹ́ta, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2020. Ìlà kìíní ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an: ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú, ẹni tó ń ra ọjà, ẹni tó ń tọ́jú ọ̀nà. Àwọn wọ̀nyí ló ni ewu tó wà nínú iṣẹ́ wọn. Ìlà kejì ni àwọn tó ń ṣe ìlànà, tí wọ́n sì ń wò ó bóyá ìlà kìíní ń tẹ̀ lé e, bí àpẹẹrẹ ẹni tó ń bójú tó ètò ìṣúná tàbí ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Ìlà kẹta ni ẹ̀yin, tí ẹ kò lọ́wọ́ nínú méjèèjì, tí ẹ sì lè sọ fún ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀ láìfi bò pé ohun tí àwọn méjì àkọ́kọ́ ń sọ jẹ́ òótọ́ tàbí kò jẹ́ òótọ́. Ní ìjọba ìbílẹ̀ kéékèèké, ìlà kejì ló sábà máa ń ṣófo, nítorí pé kò sí owó tí wọn yóò fi gba ènìyàn sí i, àlàfo yẹn ni wọ́n sì máa ń fi ọ́dítọ̀ dí. Mo rò pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín gan-an nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí alága má ní èrò búburú kankan. Ó rí ẹni tó mọ ìṣirò, tó sì ṣeé fọkàn tán, ló bá gbé ẹrù lé e lórí.

Mo mọ bí ẹrù yẹn ṣe wúwo tó, nítorí èmi náà ti rù ú rí. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan tí n kò ní dárúkọ, èmi ni mo ń fi òǹtẹ̀ «a ti yẹ̀ ẹ́ wò» lu ìwé ìsanwó. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni òkìtì ìwé náà máa ń dé, tí wọ́n fi okùn dì í, ẹni tó gbé e wá á sì dúró tì mí lórí tábìlì nítorí pé báńkì fẹ́ẹ́ tì. Mo máa ń wo ìfọwọ́sí, mo máa ń tún owó rẹ̀ rò, mo máa ń wò ó bóyá rìsíìtì wà lẹ́yìn rẹ̀ àti bóyá owó ṣì kù nínú ètò ìṣúná fún irú ìnáwó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà òǹtẹ̀ á balẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Lára àwọn ìwé náà ni ti epo ọkọ̀ akẹ́rù kan, tí ó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá gbáko: awakọ̀ ti buwọ́ lù ú, ọ̀gá ẹ̀ka ọkọ̀ ti buwọ́ lù ú, iye lítà wà níbẹ̀, rìsíìtì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo lọ sí àgbàlá ìgbọ́kọ̀sí láti lọ bèèrè nǹkan mìíràn, mo sì rí ọkọ̀ náà. Orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ló wà, kò ní táyà kankan, koríko sì ti yọ gba abẹ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìròyìn mi, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá ẹ̀ka ọkọ̀ kó síwájú mi ni ìwé mẹ́tàdínláàádọ́ta, òǹtẹ̀ mi sì wà lára gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé wọ̀nyẹn pé pérépéré. Kò sí ohun tí òǹtẹ̀ mi lè rí mú níbẹ̀, nítorí pé irọ́ náà kò sí lórí ìwé, àgbàlá ìgbọ́kọ̀sí ló wà, ìgbà tí mo sì ń lò fún òǹtẹ̀ ni ìgbà tí ǹ bá fi lọ sí àgbàlá. Èyí tó burú jù ni pé òǹtẹ̀ náà sọ gbogbo àwọn tó wà ṣáájú mi di ọ̀lẹ. Ọ̀gá ẹ̀ka ọkọ̀ ń buwọ́ lù ú nítorí ó mọ̀ pé ọ́dítọ̀ yóò wò ó. Èmi náà ń lù ú ní òǹtẹ̀ nítorí pé ọ̀gá ẹ̀ka ọkọ̀ ti buwọ́ lù ú. Ìfọwọ́sí mẹ́rin ló wà lára ìwé kan, ojú kan ṣoṣo kò sì wo ọkọ̀.

Àwọn ibì kan wà tí òfin ìṣúná ti sọ ọ́ di dandan pé ẹ̀ka ayẹ̀wò gbọ́dọ̀ rí ìwé kí owó tó jáde. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ kò lè kọ òfin, ṣùgbọ́n ẹ lè pààlà sí i. Ẹ yan ọ̀kan nínú òṣìṣẹ́ méjèèjì fún un, kí ẹni náà má sì bá yín lọ́wọ́ sí ayẹ̀wò ìsanwó kankan lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin fúnra yín kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan òǹtẹ̀. Ẹ bẹ alága pé kí ọ́dítọ̀ láti ìta tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn máa wá yẹ ètò ìsanwó wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó má bàa jẹ́ pé ẹ̀ka yín ló ń dá ara rẹ̀ láre. Bí òfin kò bá sì sọ ohunkóhun, ẹ̀ka ìṣúná ni ibi tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó wà: ẹni kan níbẹ̀ tí kò lọ́wọ́ nínú kíkọ ìwé náà ni kí ó máa wò ó kí ó tó jáde. Iṣẹ́ yín ni láti padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹ mú ogójì nínú wọn, kí ẹ sì tẹ̀ lé wọn dé ibi tí ọjà wà.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò bèèrè, ṣùgbọ́n tí mo rí nínú ìbéèrè yín. Ẹ̀ka ìṣúná ni ẹ ti ń bọ̀, oṣù mẹ́ta péré sì ni. Ìlànà sọ pé ọ́dítọ̀ kò gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ bójú tó láàárín oṣù méjìlá tó kọjá wò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ sí yín lójú, pé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní wọ inú ayẹ̀wò tí ẹ̀yin yóò darí títí ọdún yóò fi yí.

Bí alága bá ní kí ló dé tí ìyapa iṣẹ́ yìí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ìtàn Dixon fún un. Ìlú kékeré kan ni Dixon ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ibẹ̀ kò sì ju bí 16,000 lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, Rita Crundwell, ẹni tó ń bójú tó ìwé owó ìlú náà, ṣí àkáǹtì kan sí báńkì lórúkọ ìlú, ó sì sọ ọ́ lórúkọ tó jọ ti owó iṣẹ́ ẹ̀gbin omi. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Láàárín ọdún tó lé ní ogún, ó kó owó tó lé ní 53 mílíọ̀nù dọ́là gba inú rẹ̀ kọjá, ó fi pupọ̀ nínú rẹ̀ ra ẹṣin olówó ńlá, ó sì ń ṣe ayédèrú ìwé bí ẹni pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń béèrè owó lọ́wọ́ ìlú. Bí owó ṣe ń kù, ó ń sọ fún ìgbìmọ̀ pé ìpínlẹ̀ ló ń pẹ́ kí ó tó sanwó fún wọn. Ọdọọdún ni ọ́dítọ̀ ìta ń wá, tí wọ́n sì ń lọ. Ohun tó tú àṣírí rẹ̀ ni pé ó lọ fún ìsinmi gígùn ní ọdún 2011, akọ̀wé ìlú tó ń dúró fún un ní kí báńkì fi ìwé gbogbo àkáǹtì tí ìlú ní ránṣẹ́, àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sì wá pẹ̀lú wọn. Wọ́n mú un ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 19 àti oṣù méje ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 2013 kan náà, àwọn ọ́dítọ̀ ìta àti báńkì náà gbà láti san 40 mílíọ̀nù dọ́là fún ìlú láti fi parí ẹjọ́ tí ìlú pè wọ́n.

Ohun tí mo ń fi ìtàn yìí kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kò pọ̀. Ẹnì kan náà ló ń gba lẹ́tà láti báńkì, òun ló ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì, òun ló sì ń fi ìwé báńkì wé ìwé ilé. Bí wọ́n bá ti yọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àrà náà kò ní pé ọdún kan. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó ronú kan ètò ọlọ́dún kankan, ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí gbogbo báńkì tó wà ní àyíká yín, kí alága àti akápò buwọ́ lù ú, pé kí wọ́n fi orúkọ gbogbo àkáǹtì tó bá jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, èyí tí a ń lò àti èyí tí a ti pa tì, ránṣẹ́ tààrà sí ẹ̀ka ayẹ̀wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdáhùn wọn gba ẹ̀ka ìṣúná kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè àwọn òṣìṣẹ́ ìṣúná tí kò tíì lọ fún ìsinmi láti ọdún méjì. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo wọn lọ sinmi, kí ẹlòmíràn sì jókòó sí àga wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ìwé ewu. Òfin ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ ti South Africa, nọ́ńbà 56 ti ọdún 2003, pín iṣẹ́ yìí lọ́nà tó wù mí. Abala 62 gbé ètò ìṣàkóso ewu lé olórí àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, pé òun ló gbọ́dọ̀ rí i pé ó wà, pé ó sì ń ṣiṣẹ́. Abala 165 wá gbé ẹ̀ka ayẹ̀wò inú ilé kalẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní kí ó ṣe ètò ayẹ̀wò tó dá lórí ewu, kí ó sì máa gba ìgbìmọ̀ níyànjú. Ẹni kan ló ń ṣe ètò, ẹlòmíràn ló ń sọ bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá kọ ìwé ewu fúnra yín, ta ni yóò wá sọ fún ìgbìmọ̀ pé ìwé náà kò dára?

Síbẹ̀, n kò ní kí ẹ káwọ́ gbera. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí, ọ́dítọ̀ lè pe olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jókòó fún ìdajì ọjọ́, kí ó bi í ní ìbéèrè, kí ó sì jẹ́ akọ̀wé fún un. Ìbéèrè ni ti yín, ìdáhùn ni tirẹ̀, orúkọ ipò rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wà ní iwájú ewu náà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «kí ni ewu yín?», nítorí ìdáhùn tí ẹ óò gbà kò ní ju «àìsí owó» lọ. Ẹ bi í pé, «Kí ni ìgbìmọ̀ ní kí ẹ̀ka yín ṣe lọ́dún yìí?» Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi í pé, «Kí ló lè ṣẹlẹ̀ tí kò fi ní ṣeé ṣe?» Ìlànà àgbáyé lórí ìṣàkóso ewu, ISO 31000, tó jáde ní 2009 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2018, fi ohun tí a fẹ́ ṣe sí àárín ọ̀rọ̀: ewu ni ipa tí àìdánilójú ń ní lórí ohun tí a dáwọ́ lé. Níbi tí a kò bá ti dáwọ́ lé nǹkan kan, a kò tíì lè sọ̀rọ̀ ewu.

Ẹ wo bí gbólóhùn ewu kan ṣe ń dàgbà. Olórí ẹ̀ka kan á ní, «Kọ̀ǹpútà.» Ìyẹn kì í ṣe ewu. Ẹ bi í síwájú, á ní, «Kọ̀ǹpútà owó oṣù lè bàjẹ́.» Ó ti sún mọ́ ọn. Ẹ tún bi í pé kí ló fà á, kí ni yóò sì yọrí sí, ẹ óò wá ní nǹkan báyìí lọ́wọ́: «Nítorí pé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ bí a ṣe ń wọ inú ètò owó oṣù, tí a kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn, bí òṣìṣẹ́ náà bá ṣàìsàn tàbí tí ẹ̀rọ náà bá kọṣẹ́ lọ́sẹ̀ ìsanwó, gbogbo òṣìṣẹ́ lè pẹ́ kí wọ́n tó gba owó oṣù, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ sì lè tì.» Ohun tó fà á wà níbẹ̀, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tí yóò yọrí sí wà níbẹ̀, ojútùú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ara rẹ̀: kí òṣìṣẹ́ kejì kọ́ ọ, kí a sì máa ṣe ẹ̀dà.

Nípa fífún ewu ní máàkì, ọ̀pọ̀ ń lo 1 sí 5 fún bí ó ṣe ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀ tó, àti 1 sí 5 fún bí yóò ṣe dùn wá tó, wọ́n á wá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má sùn lé e. Afárá tó lè wó lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún púpọ̀ tí ó sì lè pa ènìyàn, yóò gba 1 lórí ìṣẹ̀lẹ̀ àti 5 lórí ìpalára. Páálí bébà tó ń sọnù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò gba 5 lórí ìṣẹ̀lẹ̀ àti 1 lórí ìpalára. Máàkì 5 ni méjèèjì gbà, kò sì sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò fi wọ́n sí ipò kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo gbogbo ohun tó gba 5 lórí ìpalára, ohun yòówù kí ìṣirò sọ. Ẹ sì jẹ́ kí ìwé náà kúrú. Mo ti rí èyí tó ní ìlà tó lé ní ọgọ́rùn-ún rí, tí àwọ̀ rẹ̀ dára púpọ̀, ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló sì ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ẹ má tún jẹ́ kí ìwé náà di ìwé olè nìkan. Ohun tó ti ṣe ìjọba ìbílẹ̀ ní jàǹbá jù láwọn ibòmíràn kì í ṣe olè jíjà, ìpinnu tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ìdí rẹ̀ ni. Ní California, ìjọba ìbílẹ̀ Orange County pàdánù owó tó lé ní 1.6 bílíọ̀nù dọ́là, ó sì kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 1994 pé òun ti wọ gbèsè tí òun kò lè san. Akápò wọn, Robert Citron, ń yá owó láti fi kún owó tó ń fi dókòwò, èrò rẹ̀ sì ni pé èlé kò ní gòkè. Èlé gòkè. Fún ọdún púpọ̀ ṣáájú, èrè tó ń mú wálé ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, inú ìgbìmọ̀ sì ń dùn. Ẹni tó bá a du ipò náà lọ́dún yẹn kìlọ̀ ní gbangba, wọ́n kà á sí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ní ọdún 2008 bákan náà, nígbà tí àwọn báńkì ilẹ̀ Iceland wó, ìjọba ìbílẹ̀ tó lé ní 100 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní owó tó sún mọ́ 1 bílíọ̀nù pọ́ún níbẹ̀, nítorí pé èlé ibẹ̀ dára. Àwọn mélòó kan ṣì fi owó síbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn tó ń díwọ̀n agbára báńkì ti rẹ ipò wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú owó náà padà wá bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ṣùgbọ́n kò sí olè kankan tí ẹ lè mú nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀ka tí èrè rẹ̀ ń dára ju ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láìsí àlàyé, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn tí ewu bá ti wà lórí ìwé ni ètò ayẹ̀wò yín tó lè ní ìtumọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ iye ọjọ́ tí ẹ ní. Ènìyàn kan kì í ní ju bí 200 ọjọ́ iṣẹ́ gidi lọ lọ́dún bí a bá yọ ìsinmi, àìsàn àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ kúrò. Ẹ̀yin mẹ́ta á jẹ́ 600. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún ìpàdé, ìtọpinpin àbá tó ti kọjá àti ọ̀rọ̀ òjijì tí alága yóò gbé wá, ó ku 400. Ayẹ̀wò kan tó jọjú ń gba nǹkan bí ọjọ́ 35. Mọ́kànlá ni ẹ lè ṣe lọ́dún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń fi ìdajì ọjọ́ rẹ̀ lu òǹtẹ̀, 100 ọjọ́ ti lọ, ayẹ̀wò mẹ́ta sì ti bá a lọ. Ẹ fi ìṣirò yìí han alága. Ó máa ń yé wọn ju ọ̀rọ̀ ìlànà lọ.

Nínú mọ́kànlá yẹn, owó oṣù ni kí ó ṣáájú, nítorí òun ló sábà ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó. Ẹ mú àpapọ̀ owó oṣù tó kọjá, ẹ fi ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé àti ìgbéga kún un, ẹ yọ ti àwọn tó fẹ̀yìn tì, tó kú tàbí tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó kù yẹ kí ó bá ti oṣù yìí dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ìyàtọ̀ náà ni ọ̀nà yín. Lẹ́yìn náà, ẹ to gbogbo orúkọ ní ìtẹ̀léra nọ́ńbà àkáǹtì báńkì, kí ẹ wo èyí tí orúkọ méjì ń pín lò. Tọkọtaya lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹ sì gba orúkọ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọwọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má gbà á láti ọwọ́ ẹ̀ka tó ń kọ owó oṣù, nítorí ibẹ̀ ni ayédèrú òṣìṣẹ́ ti máa ń wọlé.

Fún iṣẹ́ àgbàṣe, ẹ to gbogbo ìsanwó ọdún kan láti kékeré dé ńlá. Bí ó bá jẹ́ pé 1,000,000 ni iye tó gbọ́dọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀, ẹ wo gbogbo èyí tó wà láàárín 900,000 sí 999,999. Bí agbaṣẹ́ṣe kan bá ní mẹ́ta níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n sì pè wọ́n ní àtúnṣe òrùlé apá kìíní, apá kejì àti apá kẹta, òrùlé kan náà ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. Ti ìwé rìsíìtì tí wọ́n fi ń gba owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ ka nọ́ńbà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì béèrè èyí tó fò.

Ní ti ìròyìn, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ohun tó yẹ kí ó jẹ́, ohun tó fà á, ohun tó lè yọrí sí, àbá yín, àti ohun tí olórí ẹ̀ka náà sọ pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò tún un ṣe. Èyí tí àwọn ènìyàn ń fò jù ni ohun tó fà á, òun sì ni àbá yín gbọ́dọ̀ wò sàn.

Ó ku ẹni tí ẹ óò máa jábọ̀ fún. Bí alága nìkan bá ni, ìròyìn yín yóò máa dára sí i bí ó bá ṣe ń wù ú tó. Òfin South Africa tí mo mẹ́nu bà yẹn, ní abala 166, béèrè ìgbìmọ̀ ayẹ̀wò tí kò ní dín ní ènìyàn mẹ́ta, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà, tí kánsẹ́lọ̀ kankan kò sì lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí yóò máa jókòó ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Bí irú rẹ̀ kò bá tíì sí lọ́dọ̀ yín, ẹ dábàá rẹ̀. Títí tí yóò fi wà, ẹ béèrè pé kí ẹ̀dà gbogbo ìròyìn yín máa dé ọwọ́ gbogbo ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ kan náà tó bá dé ọwọ́ alága.

Ẹ má lọ sọ fún alága lẹ́nu lásán pé ẹ kò ní ṣe é. Ẹ mú ìwé ojú kan lọ tó sọ àṣẹ àti ààlà iṣẹ́ ẹ̀ka yín, kí ó buwọ́ lù ú. Ẹ mú ìṣirò 400 ọjọ́ yẹn lọ. Nípa ìwé ewu, ẹ sọ fún un pé ẹ óò bá olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jókòó, pé àwọn ló máa buwọ́ lu tiwọn, àti pé òun fúnra rẹ̀ ló kàn láti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà kan síwájú rẹ̀ tó ní ìlà mẹ́wàá tó ṣófo, kí ẹ bi í pé ohun mẹ́wàá wo ni òun kò fẹ́ kí ó bá òun lójijì lọ́dún yìí. Bí ó bá kọ mẹ́rin tó ní òun kò rí mìíràn mọ́, ẹ ní kí ó pe akápò wọlé.